Omi Aró Kọ́ Ni Aró Tó Mú: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Sẹ́ńsọ̀ Oníìmọ́lẹ̀ Wọn Àwọ̀ Oúnjẹ Lára Purotéènì

Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi, Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ náà títí ọjọ́ ogbó. Tí wọ́n bá yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, tí àwa ọmọdé ń pariwo pé ó ti dúdú, wọn kì í dá wa lóhùn. Wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á fún un, wọ́n á sá a. "Omi aró lẹ̀ ń wò yẹn," ni wọ́n máa ń wí, "aró ò tíì mú un." Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí nínú yàrá ìwádìí kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò jìnnà sí tiwọn. Dípò aṣọ, purotéènì ni tèmi. Dípò ẹ̀lú, àwọ̀ tí wọ́n ń dà sínú súwíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti àìsìkirimù ni. Wàhálà ibẹ̀ náà ò sì yàtọ̀: ẹ̀rọ á fi nǹkan hàn yín, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ bóyá aró ló mú tàbí omi aró ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì àti bayokẹ́mísírì tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ SPR (surface plasmon resonance), ìyẹn sẹ́ńsọ̀ oníìmọ́lẹ̀ tí mò ń wí, ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo kọ ọ́ fún. Tartrazine, ìyẹn E102 aláwọ̀ ìyeyè, ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló rọrùn jù láti rí, òun náà ló sì ti tàn mí jẹ jù.

Ohun tí ẹ̀rọ ń rí

Wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí nínípọn rẹ̀ tó bí 50 nm, ni wọ́n tẹ́ sójú gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ á gba abẹ́ gíláàsì wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á kan wúrà, á sì padà. Ní igun kan báyìí, wúrà á gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, èyí tó ń padà á ṣókùnkùn. Ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ òdìkejì wúrà, níbi tí omi ti ń ṣàn kọjá, á sún igun yẹn nípò. Igun yìí ni ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, RU (response unit) ló sì fi ń kà á: 1 RU tó bíi pg 1 purotéènì lórí mm² kan. Kretschmann ló gbé ọ̀nà oníwúrà-lórí-gíláàsì yìí kalẹ̀ lọ́dún 1971. Ní 1983 ni Liedberg, Nylander àti Lundström ní Sweden fi hàn pé èèyàn lè fi wo purotéènì.

Ẹ̀rọ yìí ò mọ àwọ̀, kò sì mọ purotéènì. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú omi tó fara ti wúrà ló mọ̀, kò ju nm ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Iyọ̀ lè yí i padà. Ooru lè yí i padà. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ọ̀nà omi á yí i padà ju gbogbo wọn lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ gbé bírò. Ìwúwo mólíkù tartrazine jẹ́ 534. Ti albumin inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, ìyẹn BSA, jẹ́ bí 66,500. Tí ẹ bá lẹ albumin tó 10,000 RU mọ́ wúrà, tí mólíkù àwọ̀ kan sì jókòó sórí albumin kọ̀ọ̀kan, iye tó ga jù tí ẹ lè rí ni 534 ÷ 66,500 × 10,000. Bí 80 RU nìyẹn. Ẹ kọ 80 yẹn sára ògiri níbi tí ojú yín á ti máa rí i, torí ọ̀pọ̀ nǹkan tó máa dojú kọ yín láti ìsinsìnyí lọ ló lè bo 80 RU mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Yàrá àti iná

Omi tó bá móoru sí i ní 1 °C péré á sún ìlà tí ẹ̀rọ ń yà sórí kọ̀ǹpútà yín bí 100 RU. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí oṣù kẹta ṣe ń rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ gbé ìwọ̀n ooru ẹ̀rọ sí 25 °C, kí ẹ jẹ́ kí bọ́fà, ìyẹn omi oníyọ̀ tí pH rẹ̀ kì í yí bọ̀rọ̀, máa ṣàn fún wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó gba nǹkan tó hàn gbọ́. Ìlà tó dúró kò gbọdọ̀ lọ sókè tàbí sílẹ̀ ju RU díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má gbé ẹ̀rọ sábẹ́ AC, kí afẹ́fẹ́ tútù má máa fẹ́ sí i lórí.

Ẹ so ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àti pọ́ǹpù mọ́ ínfátà kan náà. Èmi so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn nígbà kan, mo gbàgbé pọ́ǹpù. Wọ́n mú iná lọ, kọ̀ǹpútà ń bá iṣẹ́ lọ ní tiẹ̀, ó ń yàwòrán ìlà tó tẹ́jú dáadáa. Mo rò pé aró ti kún purotéènì pátápátá. Omi ò sì ṣàn rárá ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Bọ́fà

Phosphate 10 mM, iyọ̀ 150 mM, pH 7.4. Omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà. Ẹ fi asẹ́ 0.22 µm sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Ẹ po bọ́fà tó máa tó gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà sínú ìgò kan ṣoṣo. Bọ́fà inú ìgò yẹn náà ni kí ẹ fi po àwọ̀. Tí ẹ bá po bọ́fà lánàá, tí ẹ tún po òmíràn lónìí, ẹ̀rọ á rí ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ kan náà ló pò ó. Iyọ̀ tó bá fi 1 mM péré lé tàbí dín tó bí 10 RU.

Ìgbésẹ̀ 3: Àwọ̀ fúnra rẹ̀

Ibí ni mo ti kọ́gbọ́n. Mo ra ìyẹ̀fun àwọ̀ ìyeyè kan lọ́jà, irú èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré fún àwọn tó ń ṣe kéèkì. Èrò mi ni pé ohun tí àwọn èèyàn ń jẹ gan-an ló yẹ kí n wọ̀n. Mo pò ó, mo sáré rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ìlà fò sókè lójú ẹsẹ̀, ó dúró gbọn-in, ó sì já wálẹ̀ gẹ́lẹ́ tí bọ́fà padà dé. Mo pe ọ̀gá mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o ti yẹ ìyẹ̀fun yìí wò nínú spectrophotometer?" Mi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

A gbé e débẹ̀. Tartrazine tó mọ́, tí ẹ bá po 10 mg rẹ̀ sínú lítà omi kan, yẹ kó fún yín ní absorbance (bí omi ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó) 0.53 ní 426 nm nínú gíláàsì oní 1 cm. Tèmi fún mi ní 0.11. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí mo rà ni àwọ̀. Kí wá ni ìyókù? Ẹ jẹ́ ká ní iyọ̀ lásán ni. Láti rí tartrazine 100 µM, mo nílò àwọ̀ bí 53 mg nínú lítà kan, ìyẹn bí 267 mg nínú ìyẹ̀fun ọjà yẹn. Ẹ yọ àwọ̀ kúrò, iyọ̀ tó kù á tó bí 3.7 mM. Ní 10 RU fún mM kọ̀ọ̀kan, mo ti ní 37 RU láìsí pé àwọ̀ kankan mú purotéènì kankan. Omi aró ni mo pe ọ̀gá mi wá wò.

Nítorí náà, ẹ ra àwọ̀ tí wọ́n kọ ìwọ̀n àwọ̀ inú rẹ̀ sára ìgò. Àní èyí tó bá òfin mu náà kì í sábà jẹ́ àwọ̀ pọ́ńbélé: ìlànà Yúróòpù ní kí tartrazine má dín sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ sì máa ń wà nínú ìyókù. Ẹ má ṣírò mólà yín látinú ìwúwo tó wà lórí òṣùwọ̀n, absorbance ni kí ẹ fi ṣe é. Sunset Yellow (E110) wà ní bí 482 nm, Allura Red (E129) ní 504 nm, Brilliant Blue (E133) ní 630 nm. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe dáadáa, ẹ tún po iyọ̀ díẹ̀ sínú bọ́fà yín títí yóò fi bá ti inú àwọ̀ dọ́gba. Ó ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn máa bá ayédèrú ìlà jà.

Ẹ wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ yín ń lò náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá ń lo ìmọ́lẹ̀ bí 760 nm, tartrazine ò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀rọ kékeré oníléésà pupa, bí 633 tàbí 650 nm, Brilliant Blue á máa gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì fúnra rẹ̀. Èmi ò ní fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọn Brilliant Blue láé.

Ìgbésẹ̀ 4: Lílẹ albumin mọ́ wúrà

Ẹ ra albumin tí wọ́n ti yọ ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò, torí ọ̀rá máa ń gba àyè tí àwọ̀ fẹ́ jókòó sí. Ojú wúrà tó ní dextran oníkáàbọ́síìlì lórí ni mo ń lò, irú èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí CM5.

EDC àti NHS ni kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí purotéènì lè lẹ̀ mọ́ ojú wúrà yìí. Ẹ da EDC 0.4 M àti NHS 0.1 M pọ̀ ní ìdọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣàn lórí ìkànnì méjèèjì, ìyẹn ọ̀nà omi méjì tó wà lórí wúrà, fún ìṣẹ́jú méje ní 10 µL ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi albumin 30 µg/mL nínú acetate 10 mM, pH 5.0, ránṣẹ́ sí ìkànnì kejì nìkan, fún ìṣẹ́jú méje mìíràn. Tí ìlà ò bá gòkè dáadáa, ẹ gbìyànjú pH 4.5. Ẹ wá fi ethanolamine 1 M, pH 8.5, dí gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù ní ìkànnì méjèèjì. Ìkànnì kìíní tí kò ní purotéènì ni a ó máa fi ṣe òdiwọ̀n. 8,000 sí 10,000 RU ni mo máa ń wá. Tó bá kéré ju ìyẹn lọ, ẹ tún ìṣirò 80 yẹn ṣe kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń retí.

EDC ò fẹ́ràn omi rárá. Ẹ pín in sínú ìgò kéékèèké, kí ẹ fi sínú fìrísà ní −20 °C, kí ẹ sì yọ ọ̀kan péré lọ́jọ́ iṣẹ́. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì gbáko, kó má dá yín lójú pé ó ṣì lágbára. Albumin tó kọ̀ tí kò lẹ̀ máa ń jẹ́ ẹ̀bi EDC tó ti kú ju ẹ̀bi ẹnikẹ́ni lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ká dán an wò kó tó kan àwọ̀

Warfarin, oògùn tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ tó ń dì, ni ẹ ó kọ́kọ́ fi dán albumin yín wò. Ibi tó ń jókòó sí lára albumin ti di mímọ̀ tipẹ́, ojúkò Sudlow kìíní ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀ sodium máa ń yọ́ nínú bọ́fà láìfi DMSO, olómi tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn, kún un, inú mi sì dùn sí ìyẹn gan-an. Tí warfarin ò bá mú albumin, àwọ̀ tí ẹ bá rí pé ó mú un lẹ́yìn náà, ẹ má gbà á gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọ̀ wọlé

Ẹ gbé ìṣàn sí 30 µL ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan ni àwọ̀ á fi kọjá, ìṣẹ́jú méjì ni bọ́fà á fi ṣàn án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: 3.1, 6.25, 12.5, 25, 50, 100, 200 µM. Ẹ fi bọ́fà lásán sáré ṣáájú gbogbo wọn, kí ẹ tún máa fi í sí àárín wọn. Níparí, ẹ padà sí 25 µM, kí ẹ wò ó bóyá iye tó fún yín ní àkọ́kọ́ náà ló tún fún yín. Tó bá ti dín, purotéènì ti ń kú nìyẹn, tàbí àwọ̀ ti ń ṣẹ́ kù sórí rẹ̀.

Àwọ̀ wọ̀nyí kì í mú albumin bí lẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń dìde. Nítorí náà bọ́fà nìkan sábà máa ń tó láti ṣàn wọ́n kúrò. Tí ìlà bá kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀ tán, ẹ fi iyọ̀ 1 M lé e fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá.

Ìgbésẹ̀ 7: Yíyọ omi aró kúrò

Ẹ yọ ìlà ìkànnì kìíní kúrò lára ti ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìlà bọ́fà lásán kúrò lára ohun tó kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó, torí ìkànnì méjèèjì kì í rìn bákan náà, kódà tó bá jẹ́ bọ́fà lásán ló ń ṣàn. Síbẹ̀, kì í mọ́ tán, torí albumin tó wà ní ìkànnì kejì ti gba àyè omi níbẹ̀. Iyọ̀ tó ráyè níbẹ̀ kéré sí ti ìkànnì kìíní, nítorí náà ohun tí ẹ bá yọ á fi díẹ̀ yàtọ̀ sí òótọ́.

Ibi tó le jù ló kù yìí. Àwọ̀ tó ń mú purotéènì kíákíá, tó sì ń fi í sílẹ̀ kíákíá, á fún yín ní ìlà tó dà bí àpótí. Iyọ̀ náà á fún yín ní ìlà tó dà bí àpótí. Ojú lásán ò lè yà wọ́n. Ohun tó ń yà wọ́n ni kí ẹ to àwọn gíga wọ̀nyẹn sí ìwọ̀n àwọ̀. Iyọ̀ á lọ gbọọrọ: àwọ̀ ìlọ́po méjì, RU ìlọ́po méjì, láìdúró. Àwọ̀ tó ń mú purotéènì á tẹ̀, torí ìjókòó ti ń tán. Ẹ jẹ́ ká ní òkè rẹ̀ jẹ́ 80 RU, kí KD, ìyẹn ìwọ̀n àwọ̀ tí ìdajì ìjókòó á fi kún, sì jẹ́ 40 µM. Ní 40 µM, ẹ ó rí 40 RU. Ní 120 µM, 60 RU. Ní 360 µM, 72 RU. Ẹ rí i pé àwọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́sàn-án, RU ò sì tíì di ìlọ́po méjì. Ìtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí yín. Tí kò bá sí ìtẹ̀, ẹ má kọ KD kankan sílẹ̀, bí ó ti wù kí kọ̀ǹpútà fún yín ní nọ́ńbà tó lẹ́wà tó. Kọ̀ǹpútà kì í kọ̀ láti fúnni ní nọ́ńbà.

Fún àwọ̀ olómi bí tartrazine, KD tó bọ́ sáàárín µM mẹ́wàá àti ọgọ́rùn-ún kì í yà mí lẹ́nu. Tí òkè ìtẹ̀ yín bá ga ju 80 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó lè jẹ́ pé ibi tí àwọ̀ ń jókòó sí ju ẹyọ kan lọ. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn mólíkù àwọ̀ ń gun ara wọn lórí. Ẹ da warfarin pọ̀ mọ́ àwọ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń du ìjókòó kan náà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹlẹ́rìí kejì

Mi ò gba ọ̀rọ̀ SPR nìkan gbọ́. Albumin fúnra rẹ̀ máa ń tàn: tí ẹ bá fi ìmọ́lẹ̀ 295 nm lù ú, á dá ìmọ́lẹ̀ padà ní bí 345 nm, torí tryptophan inú rẹ̀. Ti màlúù ní méjì, ti ènìyàn ní ẹyọ kan. Tí àwọ̀ bá jókòó nítòsí, ìmọ́lẹ̀ náà á rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lo BSA 2 µM, kí ẹ máa kán àwọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí dé bí 20 µM.

Ẹ̀tàn wà níbí náà. Àwọ̀ lè kàn máa ṣíji bo purotéènì láìfọwọ́ kàn án. Ẹ wọn absorbance ní 295 àti 345 nm ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kán an, ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì fi 10 tí ẹ gbé sí agbára iye yẹn sọ ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kà di púpọ̀. Tí absorbance bá jẹ́ 0.12 àti 0.08, ìdajì àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.10, iye ìsọdipúpọ̀ sì jẹ́ 1.26. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ yín ti sọnù sínú òjìji lásán. Mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹni tó ṣe é pe òjìji yìí ní ìsopọ̀, tó sì fi gbogbo orí kẹrin ìwé rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ tó kù pín ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ tò ó sí ìwọ̀n àwọ̀. Bí ìlà náà ṣe dagun tó ni wọ́n ń pè ní Ksv (Stern-Volmer), òun ló ń sọ bí àwọ̀ ṣe ń pa ìmọ́lẹ̀ náà tó. Tí ẹ bá fi 5 nánóṣẹ́kọ́ńdì, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ albumin ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú, pín Ksv, tí iye tó jáde sì ju 2 × 10¹⁰ M⁻¹s⁻¹ lọ dáadáa, àkọlù inú omi nìkan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ náà ti jókòó lára purotéènì. Tí èyí àti SPR bá sọ ohun tó sún mọ́ra, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀.

Kí ẹ tó fi nọ́ńbà KD yín sórí WhatsApp

KD kì í ṣe májèlé. Kì í sọ bóyá àwọ̀ dára tàbí kò dára. Tartrazine tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ní odidi kò pọ̀, torí kòkòrò inú ìfun máa ń gé e sí méjì níbi tí nitrogen méjì rẹ̀ ti so. Ìwọ̀n tí kò yẹ kéèyàn jẹ kọjá, tí EFSA, àjọ ààbò oúnjẹ ti Yúróòpù, tún fọwọ́ sí lọ́dún 2009, ni 7.5 mg fún kg ara kan lóòjọ́. Fún ọmọ tó wọn 20 kg, 150 mg nìyẹn. Ẹranko àti àkókò ni wọ́n fi wá nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Ìyá kan ní àdúgbò Under-G ti bi mí rí bóyá kí wọ́n má ra súwíìtì aláwọ̀ ìyeyè fún ọmọ wọn mọ́, torí wọ́n gbọ́ pé mò ń "wádìí rẹ̀". Mo sọ fún wọn pé ṣúgà inú rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá jà.

Fífọ ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí bọ́fà ṣàn fún ìṣẹ́jú ogún, lẹ́yìn náà omi tí a sẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí iyọ̀ má bàa gbẹ sínú ọ̀nà omi. Tí ẹ bá fẹ́ lo ṣíìpù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi sínú bọ́fà ní 4 °C, kí ẹ kọ ọjọ́, irú albumin àti RU tó lẹ̀ mọ́ ọn sára àpótí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún gbé e jáde, warfarin ni kó kọ́kọ́ wọlé. Tí iye tó fún yín kò bá tó ìdajì ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jù ú nù, kí ẹ lẹ òmíràn.